Wíwá Ìdí Àìṣíná Lára Alùpùpù Ìrìn-àjò tí ó ń Lo Kọ́kọ́rọ́ Onírédíò: Ìlànà Ìbéèrè Mẹ́ta

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àlàyé bí a ṣe ń wá ìdí àbùkù lára alùpùpù ìrìn-àjò ìgbàlódé tí ó ń lo kọ́kọ́rọ́ onírédíò, nígbà tí ó bá kọ̀ láti ṣíná. Ó fi hàn pé ohun mẹ́ta ni alùpùpù bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ rí kí ẹ́ńjìnì rẹ̀ tó yí: ó gbọ́dọ̀ dá ẹni tí ó ni ín mọ̀, ó gbọ́dọ̀ rí i pé ewu kò sí, ó sì gbọ́dọ̀ ní agbára iná tí ó tó. Kókó tí iṣẹ́ náà fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé àmì tí alùpùpù bá fi hàn ni yóò sọ ìpele tí àbùkù wà, àti pé bátìrì ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ fi mítà wọ̀n kí a tó dá kọ́kọ́rọ́ lẹ́bi. Ní ìparí, a tọ́ka sí bí olùkọ́ ṣe lè lo ìlànà yìí láti fi èdè Yorùbá kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ìrònú létòlétò.

1. Ìfáàrà

Púpọ̀ nínú àwọn alùpùpù tí àwọn ènìyàn mọ̀ dáadáa ní Nàìjíríà ni ó ní kíìkì. Bí bátìrì rẹ̀ bá kú, ọlọ́kadà yóò fi ẹsẹ̀ ta kíìkì, ẹ́ńjìnì yóò sì dáhùn. Bí kíìkì bá kọ̀, ènìyàn méjì lè tì í díẹ̀ kí wọ́n sì fi jíà mú un. Ìdí nìyí tí àìṣíná alùpùpù kì í fi í sábà dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni láàárín ìlú.

Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ nípa alùpùpù ìrìn-àjò. Irú alùpùpù yìí, tí ó wọ́pọ̀ ní Amẹ́ríkà, Yúróòpù àti Japan, ni a ṣe fún ẹni tí yóò gùn ún fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà lójúmọ́, pẹ̀lú ẹrù àti ẹnì kejì lẹ́yìn rẹ̀. Honda Gold Wing jẹ́ àpẹẹrẹ kan tí òkìkí rẹ̀ kàn. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi í han aráyé ní ọdún 1974, sìlíńdà mẹ́rin ni ó ní, ìwọ̀n ẹ́ńjìnì rẹ̀ sì jẹ́ 999 cc. Èyí tí wọ́n tún ṣe fún ọdún 2018 ní sìlíńdà mẹ́fà, ẹ́ńjìnì rẹ̀ jẹ́ 1833 cc, ó sì wúwo ju kìlógírámù 360 lọ. Kò ní kíìkì. Àwọn kan nínú wọn tilẹ̀ ní jíà tí ó ń yí fúnra rẹ̀, èyí tí a kò lè tì ṣíná rárá, nítorí pé jíà náà kò ní mú nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ti kú.

Orí irú alùpùpù wúwo yìí ni a wá gbé kọ́kọ́rọ́ tuntun lé. Ní ọdún 2007, ilé-iṣẹ́ Kawasaki gbé 1400GTR jáde pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ tí awakọ̀ kàn ń fi sínú àpò. Gold Wing ti ọdún 2018 náà gba irú ètò bẹ́ẹ̀. BMW àti Harley-Davidson sì ní tiwọn lára alùpùpù ìrìn-àjò wọn. Ìrọ̀rùn ni wọ́n rò. Ẹni tí ó wọ ìbọ̀wọ́ nínú òtútù kò ní láti máa wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò mọ́. Ṣùgbọ́n bí ìrọ̀rùn ti pọ̀ sí i ni ibi tí àbùkù lè fara pamọ́ sí náà pọ̀ sí i.

Ọ̀nà méjì ni àìmọ̀dí àbùkù yìí fi ń ṣe ìpalára. Èkíní ni pé arìnrìn-àjò lè há sí ibi tí kò yẹ. Ọ̀nà orí òkè tí a ń pè ní Blue Ridge Parkway ní Amẹ́ríkà gùn tó kìlómítà 755, láti Virginia dé North Carolina. Kò sí ilé epo kankan lórí ọ̀nà náà fúnra rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni tẹlifóònù kò gbọ́ràn ní àwọn ibì kan níbẹ̀. Èkejì ni pé ẹni tí kò mọ ìdí àbùkù yóò máa ra ohun tí kò bàjẹ́. Yóò pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́, yóò pààrọ̀ sítátà, nígbà tí ó jẹ́ pé bátìrì ni ó ti gbó. Àtúnṣe àwámárìídìí nìyẹn, owó rẹ̀ kì í sì í kéré.

2. Bí Kọ́kọ́rọ́ Onírédíò ṣe ń bá Alùpùpù Sọ̀rọ̀

Bí ẹnì kan bá kan ilẹ̀kùn onílé ní òru, onílé kì í ṣí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Yóò bèèrè pé, "Ta nì yẹn?" Ohùn tí ó bá gbọ́ ni yóò fi mọ̀ bóyá ará ilé ni. Ohun tí alùpùpù ń ṣe gan-an nìyí.

Nígbà tí awakọ̀ bá tẹ orí ṣíwíìṣì tàbí bọ́tìnnì ìṣíná, kọ̀ǹpútà kékeré kan nínú alùpùpù yóò fi áńtẹ́nà rán ìgbì rédíò jáde. Ìgbì yìí kì í yára gbọ̀n. Nǹkan bí kílóhátíìsì 125 tàbí 134 ni, kì í sì í rìn ju nǹkan bíi mítà kan sí méjì lọ. Àìrìn-jìnnà yìí kì í ṣe àbùkù. Òun ni ó fi dá alùpùpù lójú pé ẹni tí ó ni kọ́kọ́rọ́ wà nítòsí. Ìgbì náà yóò jí kọ́kọ́rọ́ tí ó wà nínú àpò, yóò sì gbé ìbéèrè kan fún un. Kọ́kọ́rọ́ yóò ṣe ìṣirò, yóò sì fi ìgbì mìíràn tí ó yára gan-an dáhùn. Mẹ́gáhátíìsì 315 tàbí 433 ni ó wọ́pọ̀. Alùpùpù yóò yẹ ìdáhùn náà wò. Bí ó bá tọ̀nà, yóò tú ìdè tí ó de ọwọ́ ìdarí, yóò sì gbà kí ṣíwíìṣì yí.

Ìbéèrè náà kì í jẹ́ ọ̀kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Nítorí náà, olè tí ó bá gba ohùn àná sílẹ̀ kò lè fi ṣí ilẹ̀kùn lónìí.

Láti dáhùn láti inú àpò, kọ́kọ́rọ́ nílò bátìrì tirẹ̀. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jùlọ ni CR2032, bátìrì roboto bí owó ẹyọ tí agbára rẹ̀ jẹ́ fóltì 3. Nọ́ńbà orúkọ rẹ̀ ní ìtumọ̀: 20 ni fífẹ̀ rẹ̀ ní mìlímítà, 32 sì dúró fún mìlímítà 3.2 tí ó nípọn. Ẹni tí ó bá mọ èyí kò ní ra CR2025, tí ó fẹ̀ bákan náà ṣùgbọ́n tí kò nípọn tó, kí ó wá máa ṣe kàyéfì pé kò fara kan irin dáadáa.

Àwọn tí ó ṣe kọ́kọ́rọ́ yìí mọ̀ pé bátìrì lè kú lójú ọ̀nà. Ìdí nìyí tí púpọ̀ nínú wọn fi ní ọ̀nà àbáyọ. Nínú irú kan, wáyà róbótó kan àti ẹ̀rọ bíńtín tí kò nílò bátìrì wà nínú kọ́kọ́rọ́. Bí a bá gbé e sún mọ́ ibi kan pàtó lára alùpùpù, tí àlàfo àárín wọn kò ju ìwọ̀nba sẹ̀ǹtímítà lọ, agbára òòfà tí áńtẹ́nà ń gbé jáde yóò dá iná díẹ̀ sílẹ̀ nínú wáyà náà. Iná díẹ̀ yẹn tó fún un láti sọ orúkọ rẹ̀. Ìwé ìtọ́ni alùpùpù ni ó ń sọ ibi tí a ó gbé e sí. Ní ti Harley-Davidson, nọ́ńbà àṣírí oní-díjíìtì márùn-ún ni ẹni tí ó ni ín lè fi bọ́tìnnì iná ìyànà tẹ̀ wọlé. Arìnrìn-àjò tí kò bá mọ ọ̀nà àbáyọ ti alùpùpù tirẹ̀ kí ó tó kúrò nílé kò tíì múra ìrìn-àjò tán.

3. Ìbéèrè Mẹ́ta tí Alùpùpù ń Bèèrè

Kí ẹ́ńjìnì tó yí, alùpùpù ń bèèrè ohun mẹ́ta, ní títẹ̀léra:

(i) Ta nì yẹn? Ìpele ìdánimọ̀ nìyí: kọ́kọ́rọ́, bátìrì rẹ̀, áńtẹ́nà àti ìdè ọwọ́ ìdarí.

(ii) Ṣé ewu kò sí? Ìpele ìyọ̀ǹda nìyí: bọ́tìnnì àpaná, jíà, kílọ́ọ̀ṣì, sítáǹdì ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀rọ tí ń mọ̀ bí alùpùpù bá ṣubú.

(iii) Agbára dà? Ìpele agbára nìyí: bátìrì ńlá, wáyà ńláńlá, fíúsì, rìléè àti sítátà.

Ètò títẹ̀léra yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé ibi tí ọ̀rọ̀ bá dé kí ó tó dúró ni yóò fi ibi tí àbùkù wà hàn. Bí iná ojú pánẹ́ẹ̀lì bá ti tàn, ìbéèrè kìíní ti rí ìdáhùn, a kò sì ní ìdí láti máa tú kọ́kọ́rọ́ palẹ̀. Bí sítátà bá ti ń yí ẹ́ńjìnì, ìbéèrè kejì náà ti rí ìdáhùn.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Bátìrì ńlá tí ó wà ní ìpele kẹta ni ó ń bọ́ kọ̀ǹpútà tí ó ń bèèrè ìbéèrè kìíní. Bí bátìrì náà bá rẹ̀, kọ̀ǹpútà lè má jí dáadáa, yóò sì dà bí ẹni pé kọ́kọ́rọ́ ni kò gbọ́ràn. Nítorí náà, bí a tilẹ̀ ń tẹ̀ lé ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mítà ni a kọ́kọ́ ń gbé lé orí bátìrì.

4. Ìpele Kìíní: Ìdánimọ̀

Àmì ìpele yìí ni pé a tẹ ṣíwíìṣì, iná ojú pánẹ́ẹ̀lì kò tàn rárá, tàbí àwòrán kọ́kọ́rọ́ yọ lójú rẹ̀ tí ó ń ṣẹ́jú. Bí bátìrì ńlá bá ní agbára tó, ohun tí a ó yẹ̀ wò nìwọ̀nyí.

Èkíní, ṣé kọ́kọ́rọ́ náà wà ní títàn? Kọ́kọ́rọ́ Honda ní bọ́tìnnì tí a fi ń tàn án tí a sì fi ń pa á. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, iná kékeré ara rẹ̀ yóò sọ ipò tí ó wà: àwọ̀ ewé fi hàn pé ó wà ní títàn, àwọ̀ pupa fi hàn pé ó wà ní pípa. Bọ́tìnnì náà lè tẹ ara rẹ̀ láàárín owó ẹyọ àti ìwé nínú àpò. Àbùkù tí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ nìyẹn.

Èkejì, ṣé ohun mìíràn ń dí ohùn rẹ̀? Tẹlifóònù alágbèéká tí a fi sínú àpò kan náà pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́, òpó rédíò ńlá tí ó wà nítòsí, tàbí àpò tí a fi irin bò nínú lè mú kí ìdáhùn kọ́kọ́rọ́ má dé etí alùpùpù. Kí a mú kọ́kọ́rọ́ jáde, kí a yà á sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ tẹlifóònù, kí a sì tún gbìyànjú.

Ẹ̀kẹta, ṣé bátìrì kọ́kọ́rọ́ ti rẹ̀? Bí alùpùpù bá máa ń dáhùn nígbà tí kọ́kọ́rọ́ bá sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n tí kò dáhùn láti inú àpò, ọ̀rọ̀ ti yé. Kí a lo ọ̀nà àbáyọ tí a mẹ́nu bà lókè, kí a sì pààrọ̀ bátìrì náà ní ìlú tí ó kàn.

Ẹ̀kẹrin, ṣé ìdè ọwọ́ ìdarí há? Lára àwọn alùpùpù tí mọ́tò kékeré ń tú ìdè náà, bí ọwọ́ ìdarí bá fi agbára tẹ irin ìdè, irin kò ní lè padà sínú ihò rẹ̀, ètò ìṣíná yóò sì dúró. Kí a rọra mi ọwọ́ ìdarí sọ́tùn-ún sósì bí a ti ń tẹ ṣíwíìṣì.

Ó yẹ kí a fi kún un pé kọ́kọ́rọ́ tí a bá so mọ́ ògiri ibi tí alùpùpù ń sùn lè máa bá a sọ̀rọ̀ nígbà gbogbo. Èyí lè mu agbára bátìrì méjèèjì. Ó dára kí a gbé e jìnnà ju mítà díẹ̀ lọ.

5. Ìpele Kejì: Ìyọ̀ǹda

Àmì ìpele yìí ni pé iná ojú pánẹ́ẹ̀lì tàn dáadáa, kò sì rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí a tẹ bọ́tìnnì sítátà, ṣùgbọ́n a kò gbọ́ ìró kankan. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ pẹ̀lú iná tí ó mọ́lẹ̀ rekete ni ẹ̀rí pé alùpùpù ní agbára, ṣùgbọ́n ó kọ̀.

Bọ́tìnnì àpaná pupa ọwọ́ ọ̀tún ni a kọ́kọ́ ń wò. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni awakọ̀ ti fi ọwọ́ kàn án láìmọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kí a fi ohun gbogbo sí ipò ìyọ̀ǹda lẹ́ẹ̀kan náà: kí jíà wà ní fíríì, kí a fa kílọ́ọ̀ṣì wọlé, kí a sì ká sítáǹdì ẹ̀gbẹ́ sókè nígbà tí awakọ̀ bá ti jókòó lé e dáadáa. Bí sítátà bá yí báyìí, kí a wá máa yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí a tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ nínú fíríì. Bí kò bá wá yí mọ́, alùpùpù kò gbà pé òun wà ní fíríì. Bí ó bá ń yí nínú fíríì ṣùgbọ́n tí kò yí nínú jíà pẹ̀lú kílọ́ọ̀ṣì ní fífà, ṣíwíìṣì kékeré abẹ́ ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì tàbí ti sítáǹdì ni a ó fura sí. Ẹrẹ̀ àti omi ni ọ̀tá àwọn ṣíwíìṣì wọ̀nyí, nítorí pé ìsàlẹ̀ ni ti sítáǹdì wà.

Bí alùpùpù bá ti ṣubú, ẹ̀rọ tí ń mọ ìdàgẹ̀ẹ̀rẹ̀ rẹ̀ yóò ti pa ẹ́ńjìnì kí epo má baà máa ṣàn. Lẹ́yìn tí a bá gbé e dìde, ó di dandan láti pa ṣíwíìṣì pátápátá kí a sì tún un tàn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ èyí, wọ́n a sì rò pé ìṣubú náà ba ẹ́ńjìnì jẹ́.

Àwọn kan máa ń so wáyà ṣíwíìṣì sítáǹdì pọ̀ kí ó má baà dí wọn lọ́wọ́ mọ́. Ìwà ewu ni. Sítáǹdì tí a gbàgbé sílẹ̀ lè gún ilẹ̀ nígbà tí awakọ̀ bá yà sí apá òsì, kí ó sì ta á nù. Bí ó bá jẹ́ ohun tí ó wúwo ju kìlógírámù 360 lọ ni ó tẹ̀ lé e ṣubú, ọ̀rọ̀ náà kò ní jẹ́ ti àwàdà.

6. Ìpele Kẹta: Agbára

Níbí ni ọ̀pọ̀ àbùkù wà. Kí a tó wọ̀n ohunkóhun, etí ni a kọ́kọ́ ń lò. Bí rìléè bá dún "kẹ̀kẹ̀kẹ̀kẹ̀" léraléra tí iná pánẹ́ẹ̀lì sì ń rẹ̀ sílẹ̀, agbára bátìrì kò tó tàbí orí bátìrì kò mú dáadáa. Bí ó bá dún "kọ̀" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí iná kò sì rẹ̀ sílẹ̀, agbára kò dé sítátà, tàbí sítátà fúnra rẹ̀ ni ó kú. Bí iná pánẹ́ẹ̀lì bá kú pátápátá tí aago ojú rẹ̀ sì padà sí ìbẹ̀rẹ̀, agbára ti já lulẹ̀ lójijì.

Lẹ́yìn etí ni mítà. Bátìrì fóltì 12 tí ó kún, tí ó sì ti sinmi fún wákàtí díẹ̀, yẹ kí ó fi nǹkan bíi 12.6 sí 12.8 hàn. Ní 12.4, ó ṣì ní bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ní 12.0, ó ti kù bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ṣùgbọ́n bátìrì tí ó gbó lè fi 12.6 hàn bí ó ti jókòó, kí ó má sì lè ṣiṣẹ́. Nítorí náà, a ó tún wọ̀n ọ́n nígbà tí a bá ń tẹ sítátà. Bí ó bá já sílẹ̀ ju nǹkan bíi fóltì 9.6 lọ, kò lágbára mọ́. Òtútù a máa fi kún ìṣòro yìí: ní ìwọ̀n òtútù -18°C, agbára tí bátìrì olójé lè gbé jáde lè dín kù tó ìdajì, ẹ́ńjìnì náà yóò sì nípọn lọ́ràá, yóò ṣòro láti yí.

Bí bátìrì bá dára síbẹ̀ tí sítátà ń yí bí ẹni tí oorun ń kùn, wáyà ni a ó wò. Kí a fi ẹnu mítà kan sí orí bátìrì tí ó jẹ́ òdì, kí a fi èkejì sí ara ẹ́ńjìnì, kí ẹnì kan sì tẹ sítátà. Bí mítà bá fi ju ìdajì fóltì lọ hàn, wáyà ilẹ̀ náà ń jẹ agbára lójú ọ̀nà. Ó ti dípẹtà tàbí bóòtù rẹ̀ ti tú.

Bí ẹ́ńjìnì bá dáhùn, a kò tíì parí. Kí a wọ̀n bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá wà láàárín 13.8 sí 14.5, ẹ̀rọ tí ń ṣe iná ń bọ́ ọ. Bí ó bá dúró ní 12 tàbí tí ó ń lọ sílẹ̀, bátìrì tuntun kò ní yanjú ọ̀rọ̀ náà. Nínú Gold Wing ti ọdún 2018, ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni ó ń yí ẹ́ńjìnì tí ó sì tún ń ṣe iná, nítorí náà a gbọ́dọ̀ wo iṣẹ́ rẹ̀ méjèèjì pọ̀.

Àmì kan ṣẹ́kù: sítátà ń yí dáadáa ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì kò mú. Epo, pọ́ńpù epo tàbí pọ́lọ́ọ̀gì lè ní àbùkù. Ṣùgbọ́n lára àwọn alùpùpù kan, bí kọ́kọ́rọ́ kò bá tọ̀nà, wọ́n á jẹ́ kí sítátà yí, wọ́n á sì dí epo àti iná pọ́lọ́ọ̀gì. Bí àmì kọ́kọ́rọ́ bá ń ṣẹ́jú lójú pánẹ́ẹ̀lì ní irú àkókò yìí, kí a padà sí ìbéèrè kìíní.

7. Àpẹẹrẹ Ìlò Ìlànà Yìí

Kí a gbà pé arìnrìn-àjò kan dúró ní etí ọ̀nà Blue Ridge Parkway láti wo àwọn òkè. Ó fi ṣíwíìṣì sílẹ̀ ní títàn kí rédíò lè máa kọrin, ohun tí ń mú ọwọ́ ìdarí gbóná sì wà ní títàn. Lẹ́yìn ogójì ìṣẹ́jú, ó tẹ sítátà. Ó gbọ́ "kẹ̀kẹ̀kẹ̀", pánẹ́ẹ̀lì kú, àwòrán kọ́kọ́rọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Ohun tí ojú rẹ̀ kọ́kọ́ rí ni kọ́kọ́rọ́ náà, ó sì fẹ́ tẹlifóònù fún ẹni tí yóò gbé kọ́kọ́rọ́ mìíràn wá.

Ìlànà ìbéèrè mẹ́ta kò gbà bẹ́ẹ̀. Pánẹ́ẹ̀lì ti tàn kí ó tó kú, ìyẹn ni pé a ti dá a mọ̀. Rìléè ti dún, ìyẹn ni pé a ti yọ̀ǹda fún un. Ìpele kẹta ni àbùkù wà. Àmì kọ́kọ́rọ́ kàn jẹ́ ariwo kọ̀ǹpútà tí ebi iná ń pa. Bí ó bá ní mítà, yóò rí nǹkan bíi 12.0, tí yóò já sí 8 nígbà tí a bá tẹ sítátà.

Onímọ́tò kan lè ràn án lọ́wọ́. Kí wọ́n má ṣe ṣíná mọ́tò náà. Kí wọ́n so wáyà pupa mọ́ orí rere bátìrì méjèèjì. Kí wọ́n so wáyà dúdú mọ́ orí òdì ti mọ́tò, kí wọ́n sì so ẹnu rẹ̀ kejì mọ́ irin tí a kò kùn lára ẹ́ńjìnì alùpùpù, jìnnà sí bátìrì, nítorí pé bátìrì lè tú gáàsì tí ó lè gbiná. Nígbà tí ẹ́ńjìnì bá dáhùn, tí mítà sì fi 14.2 hàn, a mọ̀ pé ohun tí ń ṣe iná kò lẹ́bi. Ó kù kí ó yẹ ọjọ́ orí bátìrì rẹ̀ wò nígbà tí ó bá délé. Ìwọ̀n mẹ́ta péré ni ó ṣe. Kò ra ohunkóhun.

8. Ìwúlò Ìlànà Yìí fún Olùkọ́

Ìrònú tí ó wà nídìí iṣẹ́ yìí kò mọ sí ara alùpùpù. Bí ohun mẹ́jọ bá so kọ́ra bí ẹ̀wọ̀n, tí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn já, ẹni tí ó bá ń yẹ̀ wọ́n wò láti ìbẹ̀rẹ̀ lè ṣe ìdánwò méje. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dán àárín wò yóò pa mẹ́rin tì lẹ́ẹ̀kan. Ìdánwò kejì yóò pa méjì tì. Ìdánwò kẹta yóò fi àbùkù náà hàn. Ìdánwò mẹ́ta tó. Iná ojú pánẹ́ẹ̀lì àti ìró rìléè jẹ́ irú ìdánwò àárín bẹ́ẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni.

Olùkọ́ lè fi bátìrì tọ́ọ̀ṣì, gílóòbù kékeré kan àti ṣíwíìṣì mẹ́ta ṣe èyí nínú kíláàsì. Kí ó so ṣíwíìṣì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ̀ léra, kí ó sì kọ "Ta nì yẹn?", "Ṣé ewu kò sí?" àti "Agbára dà?" sára wọn. Gílóòbù kò ní tàn àfi bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá wà ní títàn. Kí ó wá fi bébà bò wọ́n, kí ó pa ọ̀kan, kí ó sì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ wá a rí pẹ̀lú ìdánwò tí ó kéré jùlọ. Ẹni tí ó bá kàn ń méfò yóò rí i nígbà mìíràn. Ẹni tí ó ń ronú yóò rí i nígbà gbogbo, yóò sì lè sọ ìdí rẹ̀.

Èdè tí a fi ń kọ́ irú ẹ̀kọ́ yìí náà yẹ fún ìrònú. Ètò ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́fà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970, nínú èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá kó ipa pàtàkì, ti fi hàn pé Yorùbá lè gbé ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní ti iṣẹ́ ọwọ́, Yorùbá ti wà ní ẹnu àwọn mẹkáníìkì àti àwọn rìwáyà kí ó tó dé inú ìwé. Fíúsì, rìléè, sítátà, fíríì, orí bátìrì: ọ̀rọ̀ wọn nìwọ̀nyí. Ó sàn kí olùkọ́ gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wọlé ju kí ó ṣẹ̀dá orúkọ gígùn tí ẹnikẹ́ni kò ní dá mọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ibi tí ó ti yẹ kí a ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ ni ibi tí èrò náà fúnra rẹ̀ ti jẹ́ tuntun, irú bí ìdánimọ̀, ìyọ̀ǹda àti agbára gẹ́gẹ́ bí ìpele mẹ́ta. Èyí ni ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò gbé kúrò lára alùpùpù lọ sára jẹnẹrétọ̀, pọ́ńpù omi tàbí kọ̀ǹpútà.

9. Ìkádìí

A ti rí i pé àìṣíná alùpùpù olówó ńlá kì í ṣe àdììtú. Ẹ̀rọ náà ń bèèrè ìbéèrè mẹ́ta, ó sì ń fi àmì sọ èyí tí kò rí ìdáhùn sí. Kí a wọ̀n bátìrì ńlá ní àkọ́kọ́, kí a tẹ́tí sí ohun tí alùpùpù ń sọ, kí a dán ohun tí kò ná wa lówó wò kí a tó ra èyí tí ó ná wa lówó, kí a má sì ṣe já okùn ààbò nítorí ìkánjú. Àìmọ̀kan, àìmọ̀kàn ní í mú èkúté ilé pe ológbò níjà. Òun náà ní í mú arìnrìn-àjò ra kọ́kọ́rọ́ tuntun fún bátìrì tí ó gbó. Olùkọ́ tí ó bá lè fi èdè abínibí la ọ̀nà yìí yé akẹ́kọ̀ọ́ ti fún un ní ohun tí ó ju ìmọ̀ alùpùpù lọ: ó ti kọ́ ọ pé kí ó bèèrè kí ó tó tú ohunkóhun palẹ̀.